Kànga Ìgbàgbé ní Gberefu

Ẹni tí ó bá dúró létí omi ní Addo, nítòsí Ajah, yóò rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò ju ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lọ: ọ̀sà ní apá kan, òkun ní apá kejì. Láti etí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti kó ẹrú lọ sí òkè òkun fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ, ó sì sọ Lẹ́kí àti Palma di èbúté òwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kún fún ìbẹ̀rù jù wà ní Àgbádárìgì.

Erékùṣù Gberefu dojú kọ ìlú náà ní òdì-kejì ọ̀sà. Ọ̀nà oníyanrìn kan gba ibẹ̀ lọ sí òkun. Ọ̀nà àrèmabọ̀ ni a ń pè é. Kànga kan wà lẹ́bàá ọ̀nà náà. Àwọn àgbà ní bí ẹrú bá ti mu omi rẹ̀, yóò gbàgbé ilé, yóò gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, agbára àtijà yóò sì pin nínú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu bí ara ẹlòmíràn bá bù máṣọ nígbà tí ó bá bojú wo inú kànga náà, àní lọ́sàn-án gangan.

Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin tí a ń pè ní Dahomey títí di 1975, igi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin a yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Igi mìíràn wà tí wọ́n ní wọ́n ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ̀mí wọn lè padà wálé bí wọ́n bá kú sí òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbàgbé ilé, báwo ni ẹ̀mí rẹ̀ yóò ṣe mọ ọ̀nà? Bóyá ẹ̀rù àwọn tí ó ta ènìyàn ni ó bí ìtàn ìgbàgbé, tí ọ̀fọ̀ àwọn tí ó kù nílé sì bí ti ìpadàbọ̀.

Ní 1821 ni a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, ó sì gbé wọn lọ sí Sàró. Òun ni Samuel Ajayi Crowther. Nígbà tí ó kọ ìtàn náà ní 1837, ó ṣì rántí òwúrọ̀ ọjọ́ tí ogun dé, ó sì rántí okùn tí a jù sí wọn lọ́rùn. Ní 1845 ó dé Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè fọhùn.

Ẹnìkan lè wí pé Àjàyí kò mu omi Gberefu, nítorí Èkó ni ó gbà lọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Fárẹ̀mí ọmọ Ìjọga-Orílé, tí a tà nígbà èwe tí ó sì dé Brazil, padà wá di Séríkí Williams Abass ní Àgbádárìgì. Ó ṣeni láàánú pé òun náà ta ẹrú. Ọdún 1919 ni ó kú. Àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn sì gbé Ṣàngó, Ògún àti Yemọja dé Kúbà àti Bàhíà, níbi tí a ti ń fi èdè Yorùbá kọrin sí wọn títí di òní.

Kànga náà ṣì wà. Àwọn ọmọ ọmọ ẹrú a máa ti Amẹ́ríkà wá, wọn a rin ọ̀nà àrèmabọ̀ dé etí òkun, wọn a sì gba ọ̀nà kan náà padà.