Yíya Àwòrán Létí Omi

Ẹni tí ó bá ti Ìbà wá, tí ó la títì Èkó sí Àgbádárìgì kọjá ní Òkòkòmáíkò, tí ó sì kọjú sí gúúsù, yóò dé etí omi ní Ọ̀jọ́. Omi yìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ dára púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ bí a ti í fi ọ̀dà olómi ya àwòrán.

Ọ̀dà olómi kò rí bí ọ̀dà olóròóró. A lè fi ọ̀dà olóròóró funfun bo dúdú mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà olómi fẹ́lẹ́, funfun bébà ni ó ń gba inú rẹ̀ tàn jáde. Nítorí náà, níbi tí oòrùn bá ti ń dán lójú omi, ayàwòrán kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà kàn án rárá. Bí ó bá ti kùn ún, kò tún lè funfun bí ti ìṣáájú mọ́. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀dà olómi.

Kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí omi àti ọ̀run ti pàdé. Fi omi rin bébà, kí o sì kun ojú ọ̀run kí ó tó gbẹ, kí àwọ̀ lè wọ inú ara wọn. Lẹ́yìn náà, dúró kí ó gbẹ kí o tó kun igi àgbọn àti ọkọ̀. Ní àkókò òjò, ọ̀dà kì í tètè gbẹ. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, kíá ni í gbẹ. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ ti yòrò sínú omi.

Má ṣe rò pé iṣẹ́ àjèjì ni èyí. Ní 1906, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ọ̀dà olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè ya ohun tí ó rí bí ó ti rí gan-an. Lẹ́yìn náà ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó ní iṣẹ́ yìí.

Lónìí, níbi púpọ̀ létí ọ̀sà Èkó, a ti fi iyanrìn dí omi láti kọ́lé. Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí lè di ojú títì lọ́la. Àwòrán kan tí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ yà lè di ẹ̀rí bí etí omi náà ti rí. Nítorí náà, wò ó dáadáa kí o tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.