Ìmọ̀ Ilé-Ìkàwé Ni Wọ́n Fún Ọmọ Mi

*Ìmọ̀ òfin ni ọmọbìnrin mi béèrè fún ní yunifásítì, ìmọ̀ ilé-ìkàwé ni wọ́n fún un. Inú rẹ̀ ò dùn rárá, bàbá rẹ̀ sì ní kó jókòó sílé di ọdún tó ń bọ̀. Èmi gan-an ò mọ ohun tí èèyàn fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́ nípa ká to ìwé sórí pẹpẹ. Ṣé olùkọ́ ni wọ́n ń ka irú wọn sí nínú ọgbà yunifásítì ni, àbí akọ̀wé?*
*Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo*

Ẹ kú àníyàn ọmọ, màmá wa. Olùkọ́ ni wọ́n. Ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, àárín àwọn olùkọ́ ni olùtọ́jú ilé-ìkàwé tó gboyè wà. CONUASS tí wọ́n fi ń san owó-oṣù àwọn olùkọ́ ni wọ́n fi ń san tiwọn, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ni wọ́n ń bá ṣe, bí wọn ò bá sì ṣe ìwádìí kí wọ́n gbé e jáde nínú jọ́nà, ìgbéga wọn á dúró sójú kan. Senior Librarian àti Senior Lecturer, ọgba ni wọ́n. Ọ̀gá wọn pátápátá, University Librarian, wà lára àwọn aláṣẹ àgbà yunifásítì pẹ̀lú gíwá, rẹ́jísítírà àti bọ́sà. Ní Amẹ́ríkà, ibì kan ń fún wọn ní ipò olùkọ́, ibòmíràn ò fún wọn. Tiwa ti fìdí múlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni kántà. Ẹni tó ń gba báàgì lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ sínú ìwé, ẹni tó ní dípúlómà tó ń bójú tó gbọ̀ngàn ìkàwé, iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n ipò wọn yàtọ̀ sí ti ẹni tó gba dìgírì nínú ìmọ̀ náà, tó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LRCN, ìgbìmọ̀ tí Òfin 12 ti ọdún 1995 gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ yìí. Ẹni yẹn kì í sábà sí nídìí kántà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé rárá ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó tẹ̀ jáde ní 1843, Samuel Crowther ló wà lórí rẹ̀. Nínú àwọn ìwé mìíràn, Samuel Adjai Crowther ni. Lóde òní, Ajayi la ń kọ. Bí ẹni tó ń ṣe kátálọ́ọ̀gù bá kàn da orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bó ṣe bá wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ “Ajayi” sínú kọ̀ǹpútà á rí díẹ̀, á sì gbà pé kò sí mọ́. Láíbérìàn ló ń wádìí pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n, ló ń so wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, kó lè jẹ́ pé ibi yòówù téèyàn bá gbà wọlé, á bá gbogbo wọn.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ńkọ́? Ìlànà Library of Congress ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò. Èdè Yorùbá wà ní PL8821, ìtàn Nàìjíríà wà ní DT515. Ká ní ẹnì kan wá kọ ìwé lórí bí àwọn àgbà ṣe ń fi òwe yanjú ẹjọ́ lójúde ọba. Ṣé abẹ́ èdè ni ẹ máa kó o sí, àbí abẹ́ òfin, àbí abẹ́ àṣà? Ẹ ní láti ka ìwé náà débi tí ẹ ó fi mọ ohun tó dá lé lórí gan-an, nítorí ibi tí ẹ bá fi sí ló máa sọ irú ẹni tí yóò rí i láàárín ogún ọdún sí i. Ó sì ń dùn mí pé mo ṣì ń rí kátálọ́ọ̀gù tí wọ́n ti kọ àkọlé ìwé Yorùbá láìsí àmì ohùn kankan. Ọmọ yín tó gbọ́ Yorùbá lè tún èyí ṣe.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tún wà níbẹ̀. Láti 2002 ni ètò Hinari, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sílẹ̀, ti ń ṣí àwọn jọ́nà ìṣègùn olówó gọbọi sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. AGORA ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Olùkọ́ tí kò gbọ́ nípa wọn rí á máa fi owó àpò rẹ̀ ra ohun tó lè rí lọ́fẹ̀ẹ́. Láíbérìàn ló ń fọ̀nà hàn án, tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń pa ọ̀rọ̀ pọ̀ láti wá nǹkan, tó sì ń dá jọ́nà ayédèrú mọ̀ kó tó gba owó lọ́wọ́ aláìmọ̀kan. Láíbérìàn tí kò lè ṣe ìwọ̀nyí, tó jókòó ti ipò olùkọ́ lásán, òun gan-an ló ń ba ipò náà jẹ́.

Ẹ tún sọ fún ọmọ yín pé inú ìmọ̀ tó ń bí i nínú yìí ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà ti jáde: Felicia Adétóún Ògúnṣẹ̀yẹ, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní 1973. Òun náà ló dá ibùdó ìkàwé Abadina sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ẹ bá mi bẹ baálé yín, kó má jẹ́ kó jókòó sílé. Bí òfin bá ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ lẹ́yìn dìgírì yìí, ó lè fi í wọlé nípasẹ̀ Direct Entry, ilé-ìkàwé òfin sì ń wá ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ méjèèjì. Tí ẹ bá mú un lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ẹ̀ka náà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kó má dúró dè é. Ọ̀fẹ́ ni Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé wa ń lò, kó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò láti ọdún kìíní, kó sì bẹ àwọn tó ń ṣe kátálọ́ọ̀gù nínú ọgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa jókòó tì wọ́n nígbà ìsinmi.