Ayàwòrán àti Èjìká Rẹ̀

Ilẹ̀ tóóró kan wà ní apá ìlà-oòrùn Èkó, tí omi wà ní ọ̀tún rẹ̀, tí omi sì wà ní òsì rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró ní Ajah tí ó kọ ojú sí ìlà-oòrùn, ọ̀sà ni yóò wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, òkun ńlá ni yóò sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Lekki ni a ń pe agbègbè náà. Ní àtijọ́, abúlé àwọn apẹja ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a la ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1980, ilé ń yọ lẹ́yìn ilé, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo. Níbi tí ènìyàn bá gbé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó kò ní ṣọ̀wọ́n, ìsọmọlórúkọ kò ní ṣọ̀wọ́n, ìsìnkú àgbà kò sì ní ṣàìsí. Nítorí èyí ni iṣẹ́ ayàwòrán fi gbilẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ àwòrán yíyà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èjìká ni pẹ̀lú. Ayàwòrán tí a pè sí ibi ìgbéyàwó lè máa gbé kámẹ́rà tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 2 láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. A máa gbé àpò kọ́ èjìká kan náà. A máa na ọwọ́ sókè kí ó lè rí ìyàwó láàárín àwọn tí ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Bí ó bá parí, yóò tún gbé gbogbo ẹrù náà wọ dáńfó padà sí ilé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo irú ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ní Ajah. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìgbà òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó gbá kámẹ́rà mọ́ra kí ó má bàa fọ́, ó sì fi èjìká ṣubú lulẹ̀. Kámẹ́rà kò fọ́, ṣùgbọ́n iṣan èjìká já. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni ó kàn. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bẹ nílẹ̀. Ìgbéyàwó mẹ́ta tí ó ti gba owó àsansílẹ̀ wọn ń bọ̀ lọ́nà. Apá ọ̀tún tí ó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò sì lè gbé ife omi dé ẹnu. Kí ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí èjìká ti rí. Orí egungun apá rí roboto, ibi tí ó sì jókòó sí kò jìn rárá. Ó dà bí àgbálùmọ̀ tí a gbé lé orí ìdérí ìgò. Nítorí èyí ni apá fi lè lọ síwájú àti sẹ́yìn, sókè àti sísàlẹ̀, ju oríkèé ara yòókù lọ. Nítorí èyí kan náà ni ó sì fi rọrùn fún èjìká láti yẹ̀. Iṣan mẹ́rin ni ó yí orí egungun náà ká tí wọ́n dì í mú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já kúrò lára egungun, ẹni náà lè ní agbára ní ìka àti ní ọrùn ọwọ́, síbẹ̀ kí ó má lè gbé ọwọ́ dé orí ara rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ẹni tí ó gbé garawa omi mọ́ra lè rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ó bá na apá tí ó fi gbé garawa kan náà síwájú, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ ọ́ kalẹ̀. Omi inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Jíjìnnà tí ó jìnnà sí èjìká ni ó sọ ọ́ di ẹrù wúwo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti kámẹ́rà. Èyí tí a gbé mọ́ àyà kì í ni èjìká lára tó èyí tí a nà jáde.

Ní òdìkejì ọ̀sà, ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ wà. Láti inú ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di ilé ìwòsàn ní 1945. Ní irú ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti ń tún èjìká tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí iṣan bá já, wọn a rán an mọ́ egungun padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òwú ni ó ń wo èjìká sàn. Òwú kàn ń di iṣan mú ni, títí ara fúnra rẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ egungun, èyí sì ń fẹ́ àkókò. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 àkọ́kọ́, ọ̀já ni a ó fi gbé apá náà kọ́ ọrùn. Nígbà tí dókítà bá gbà á láyè, aláìsàn a tẹ̀ síwájú, a jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, a sì máa mì ín jẹ́jẹ́ bí ọmọ agogo ara ògiri. Lẹ́yìn náà ni yóò tó máa fi agbára ara apá náà gbé e. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù 3 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá tí ń fún iṣan ní okun. Kí agbára tó padà tán lè gba oṣù 6, ó sì lè gba ọdún kan gbáko.

Ewu méjì ni ó wà lójú ọ̀nà yìí. Èkíní ni ìkánjú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìrora ti dínkù, ìyá ìyàwó sì ń pe onífọ́tò lórí fóònù: “Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Onífọ́tò, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí lọ́jọ́ Sátidé o.” Ṣùgbọ́n ìrora tí ó lọ kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣan ti lẹ̀. Bí ó bá ṣi agbára lò ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ohun tí a rán lè já padà, iṣẹ́ abẹ kejì a sì máa ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ewu kejì ni ìbẹ̀rù. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò jẹ́ mi apá náà rárá, àní nígbà tí dókítà ti ní kí wọ́n máa mì ín. Èjìká irú wọn a gan, a le bí igi. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í ni ni lára. Kí a kíyè sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: kí a fi ẹ̀sọ̀ mú un ni àwọn àgbà wí, wọn kò ní kí a má mú un rárá.

Ìtàn ọkùnrin kan yóò jẹ́ kí èyí yé wa. William Eugene Smith ni orúkọ rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà ni, a sì bí i ní 1918. Ìwé ìròyìn Life ni ó ń ya àwòrán fún ní ojú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù May 1945, ní erékùṣù Okinawa, àfọ́kù ọta àgbá bà á ní ojú àti ní ọwọ́ òsì. Nǹkan bí ọdún méjì ni ó fi wà lábẹ́ ìtọ́jú, iṣẹ́ abẹ tí a sì ṣe fún un kì í ṣe ẹyọ kan. Kì í ṣe èjìká ni ọgbẹ́ tirẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìyọnu kan náà ni: ojú rí àwòrán, ọwọ́ kò sì lè bá ojú ṣe é. Ní 1946, nígbà tí ara rẹ̀ kò tí ì yá tán, ó pinnu láti tún gbé kámẹ́rà. Ìrora ni ó fi ki fíìmù bọ inú rẹ̀. Kò padà sí ojú ogun, kò sì lọ sí òde ńlá kankan. Ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, bí wọ́n ti ń rìn láàárín igi. Bí wọ́n ti ń jáde láti inú òkùnkùn bọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ya ẹ̀yìn wọn. Ní 1955, nígbà tí a pàtẹ àwòrán ńlá kan ní New York tí a pè ní The Family of Man, àwòrán àwọn ọmọ méjì yìí ni a fi kádìí rẹ̀.

Ohun tí ó wà nítòsí ni Smith fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán ará Ajah náà lè ṣe. Ní àkókò tí apá ọ̀tún ṣì wà nínú ọ̀já, fóònù tí kò wúwo ju nǹkan bí 200 gíráàmù lọ wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Láti ojú fèrèsé, yóò rí obìnrin tí ń din àkàrà, èéfín rẹ̀ tí ń gòkè nínú oòrùn òwúrọ̀, àti àwọn ọmọ ilé ìwé tí ń fo omi ẹ̀gbẹ́ títì. Gbogbo ìwọ̀nyí ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ìkánjú ọjọ́ Sátidé ni kò jẹ́ kí ó rí wọn.

Bí dókítà bá ti fún un ní àyè láti jáde, ibi kan wà ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tí ó dára fún irú rẹ̀. Ọgbà tí a ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko ni, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ hẹ́kítà 78. Pákó ni a fi ṣe ọ̀nà tí ó la irà kọjá, àwọn ọ̀bọ a sì máa fò láti orí igi kan dé òmíràn. Afárá kan wà níbẹ̀ tí a so sí òkè láàárín igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ṣùgbọ́n afárá náà a máa mì, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Kí ẹni tí èjìká rẹ̀ kò tí ì le fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí ó bá tó àkókò láti gbé kámẹ́rà, kí ó kọ́kọ́ mú èyí tí ó fúyẹ́, tí ẹnu rẹ̀ sì kúrú. Kí ó gbé e lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí igi máa ru ẹrù kí ojú sì máa ṣe iṣẹ́. Kámẹ́rà òde òní lè ka ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ó tó ya àwòrán fúnra rẹ̀, tí ènìyàn kò ní na ọwọ́ sí i. Bí kò bá sí igi, kí ó jókòó, kí ó fún ìgúnpá méjèèjì mọ́ ìhà, kí ó sì fi okùn kámẹ́rà kọ́ èjìká tí ara rẹ̀ le. Bí ìrora bá dé, kí ó gbé e kalẹ̀.

Ìgbéyàwó mẹ́ta tí ó ti gba owó wọn ńkọ́? Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Kí ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́, kí ó sì sọ òtítọ́ fún àwọn tí ó ni ìnáwó. Ọmọ iṣẹ́ yóò gbé kámẹ́rà, ọ̀gá yóò dúró tì í, yóò sì máa wí pé, “Dúró díẹ̀, bàbá ìyàwó fẹ́ sunkún, ó yá, yà á.” Yóò pín owó náà pẹ̀lú ẹni tí ó bá a ṣe é. Lóòótọ́, èrè rẹ̀ yóò dínkù, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́, ọmọ iṣẹ́ yóò sì kọ́ ohun tí kò lè kọ́ nígbà tí ọ̀gá ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun kékeré tí ó wà nítòsí kò tó iṣẹ́ fún ayàwòrán. J. D. ’Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014, ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun orí àwọn obìnrin. Ẹ̀yìn orí ni púpọ̀ nínú wọn, láìsí ilé ńlá, láìsí agbo ijó. Àwòrán irun náà tó nǹkan bí 1000, wọ́n sì gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní òkèèrè.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyà jẹ apá, kò jẹ ojú. Ayàwòrán tí èjìká rẹ̀ dùn kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Apá kan nínú iṣẹ́ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a sì fi apá kejì sílẹ̀ fún un. Bí ó bá fi sùúrù lo èyí tí ó kù, ní ọjọ́ tí èjìká bá tó ẹrù í rù, ojú tí yóò bá padà sí òde ìgbéyàwó yóò là ju èyí tí ó gbé kúrò níbẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó mú kí èjìká rọrùn láti yí, tí ó sì tún rọrùn láti yẹ̀?
2. Fi àpẹẹrẹ garawa omi ṣe àlàyé ìdí tí kámẹ́rà tí a nà jáde fi ń ni èjìká lára.
3. Ewu méjì wo ni ó wà lójú ọ̀nà ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká fún? Èwo ni o rò pé ó burú jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Kí ni ayàwòrán ará Ajah lè rí kọ́ lára William Eugene Smith?
5. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: “Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.”