Èdè-Ìperí fún Òkè àti Òkúta: Àpẹẹrẹ Òkè Ẹ̀fọ̀n

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ní Ọ̀fà tí ó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ojú rí òkè tí ó gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ní láti gba ọ̀nà Ìkìrun àti Òṣogbo já sí Iléṣà, kí ó tó dé Erin-Ìjẹ̀ṣà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í gbé fún Erin-Ilé tí ó bá Ọ̀fà pààlà.) Níbẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já wálẹ̀ ní ipele méje láti ara òkè tí ìlú Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wà lórí rẹ̀. Gígun ipele wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: bí ènìyàn ti ń lọ sókè ni ọ̀nà ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i, òkúta sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kò rọrùn jù ú lọ: kí ni Yorùbá yóò pe ohun tí wọ́n ń gùn?

“Òkè” nìkan kò tó. Òkè ni Sóbì ní Ìlọrin, òkè ni Ìdànrè, òkè náà sì ni òdì kejì ìsàlẹ̀. Bí atúmọ̀ èdè bá lo “ẹ̀yìn òkè”, òǹkàwé yóò rò pé ibi tí òkè pamọ́ ni ó ń wí. “Ọ̀wọ́ òkè” dára fún òkè púpọ̀ tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn. Òkè kan ṣoṣo kò lè jẹ́ ọ̀wọ́. Ní ti “ebè”, àgbẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ọwọ́ ènìyàn ni ó ń kọ ebè. “Òkè gbọọrọ” ni ó bá a mu jù lọ, kí “góńgó” sì dúró fún ibi tí ó ga jù ní gbogbo gígùn rẹ̀. “Àpáta” ní tirẹ̀ yẹ kí ó wà fún irú Olúmọ àti Ìdànrè, tí orí wọn rí róbótó nítorí pé awọ ara wọn ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà.

Ìdí tí òkè Ẹ̀fọ̀n fi ga wà nínú òkúta rẹ̀. Púpọ̀ nínú èròjà òkúta tí ó yí i ká ni omi òjò máa ń sọ di amọ̀, tí àgbàrá sì ń gbé lọ. Kúọ́tísì, èròjà líle inú iyanrìn, kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Òun ni ó pọ̀ jù nínú òkúta Ẹ̀fọ̀n. Bí ilẹ̀ yòókù ti ń wálẹ̀, òkè gbọọrọ dúró. Àwọn onímọ̀ pe òkúta náà ní Effon Psammite. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà ní ìdí “psammite” kò ju iyanrìn lọ, nítorí náà kò sí ohun tí ó yẹ kí ó ti Yorùbá lójú bí ó bá lo “iyanrìn” nínú èdè-ìperí tirẹ̀.

Ibí ni èdè ti lówó lọ́wọ́. Iyanrìn tí ó silẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú omi, tí ó sì dì, ni “òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀”. Nígbà tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ tẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, kò yọ́. Ó jinná ni. “Òkúta jíjinná” ni ti Ẹ̀fọ̀n. Akọ òkúta Ìdànrè ni ó yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí ó tó dì: “òkúta yíyọ́”. Ìyá tí ó ń se iṣu mọ ìyàtọ̀ jíjinná àti yíyọ́ kí ọmọ rẹ̀ tó wọ ilé-ìwé. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 jẹ́ ti èdè àti lítíréṣọ̀. Òkúta ṣì ń dúró de tirẹ̀.

Láti góńgó, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà ní ìwọ̀-oòrùn, Èkìtì ní ìlà-oòrùn. “Àwòyíká” lè dúró fún ìran bẹ́ẹ̀. Etí pẹ̀lú ti sọ òkè agbègbè yìí lórúkọ rí: ìró ìbọn tí ó ń dún padà láàrin òkè ni ó fún Ogun Kírìjì (1877–1893) ní orúkọ. Ní Ọ̀fà fúnra rẹ̀, òkúta tí ó ní ìlà dúdú àti funfun wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. “Òkúta onílà” yóò tó fún un, bí àwọn olùkọ́ ìṣirò kò bá bínú pé ìlà jẹ́ tiwọn.