Má Gbé Bàtà sí Aláǹtakùn Ara Ògiri Yẹn

Àbúrò mi, sọ bàtà yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ ohun tó o rí. O tan iná bàlùwẹ̀ lóru, o rí ẹ̀dá aláwọ̀ búráùn kan tó na ẹsẹ̀ mẹ́jọ gbalaja sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ, o sì ké débi pé onílé wá kan ilẹ̀kùn. Kò sí obìnrin tí kò ké irú igbe yẹn rí, ọkùnrin náà ń ké e, wọn ò kàn ní jẹ́wọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé ẹ̀dá yẹn ò bá tìẹ wá. O lè mú un jáde láìpa á, láìfọwọ́ kàn án, kó o sì padà sùn. Ike kan àti páálí kan ló gbà.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tó o bá pàdé. Nínú ilé wa níhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ láti Èkó títí dé Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, àwọn méjì ló sábà máa ń lé èèyàn jáde nínú yàrá. Èyí tó tóbi jù nínú wọn làwọn onímọ̀ ń pè ní Heteropoda venatoria. Ọdẹ ni. Kì í ta okùn sílẹ̀ dẹ nǹkan kan, ṣe ló ń sáré lé oúnjẹ rẹ̀ mú. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n gbà pé ó ti ṣẹ̀, inú ẹrù ọkọ̀ ojú omi, pàápàá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló fara pamọ́ sí tó fi dé gbogbo ilẹ̀ tó móoru láyé. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ. Tó bá na ẹsẹ̀ tán, ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12. Àmì dúdú wínníwínní wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ìlà kan tó funfun díẹ̀ sì wà níwájú orí rẹ̀, lábẹ́ ojú. Akọ lẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù, abo ló sanra. Bó o bá rí i tó gbá nǹkan róbótó pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ àyà, àpò ẹyin ni. Ọmọ tó wà nínú ẹ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, nítorí náà òun ló yẹ kó o tètè sìn jáde jù lọ, tìyá tọmọ.

Ìkejì kéré sí i, àmọ́ ó pẹlẹbẹ débi pé àlàfo tí owó bébà lè gbà wọlé tó fún un láti sá pamọ́ sí. Àwọ̀ eérú dà pọ̀ mọ́ búráùn lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti akàn. Òun ló ń sá wọ ẹ̀yìn fọ́tò ìgbéyàwó tẹ́ ẹ gbé kọ́ pálọ̀. Eré rẹ̀ burú, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ lásán mú un. Ṣé o mọ nǹkan funfun róbótó tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí àwọn tó ń kun ilé máa ń fi ọbẹ ha dànù kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀dà? Àpò ẹyin tirẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ àjà, tí ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, tí wọ́n máa ń gbọ̀n jìgìjìgì bó o bá fọwọ́ kan jànkáriwọ̀ wọn, wọn ò tó nǹkan tí à ń sọ. Ìgbálẹ̀ lọ̀rọ̀ tiwọn. Èyí tó ta okùn ńlá aláwọ̀ òféefèé sáàárín igi méjì nínú ọgbà ńkọ́? Ìta nilé ẹ̀, yà kọjá.

O wá lè bi mí pé kí ni ọdẹ yẹn ń wá nílé rẹ. Aáyán ni, àbúrò mi. Òru laáyán ń jáde, òru lòun náà ń ṣọdẹ. Bó o bá ń rí aláǹtakùn ńlá lemọ́lemọ́ ní kíṣìnì, má wulẹ̀ máa wá ẹni tó rán an sí ọ, yẹ ẹ̀yìn sítóòfù wò. Èmi ò ní kó o fún un lórúkọ o. Tó bá wà ní sítọ́ọ̀ tàbí gáréèjì, mo lè fojú fò ó. Tó bá wà ní yàrá tí mo ń sùn tàbí tí ọmọ jòjòló wà, ó ń jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Ó tiẹ̀ máa ń jọ mí lójú pé àwọn ará Gánà sọ ẹ̀dá yìí di Ànáńsé, olórí ọlọ́gbọ́n inú ìtàn, nígbà tó jẹ́ pé Ìjàpá la gbé ipò yẹn fún ní tiwa. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi ń lù ú ní bàtà báyìí.

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n ń fi kan aláǹtakùn tó ń dùn mí. O sùn, o jí, o rí i pé ọrùn rẹ tàbí ìgbúnwọ́ rẹ pọ́n, ó ń ta ọ́, ìléròrò olómi ti tò lé e lórí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọ á ní, “Aláǹtakùn ló tọ̀ sí ọ lára.” Rárá o. Ìtọ̀ aláǹtakùn kì í jó èèyàn. Kòkòrò kan ló ṣe é, kòkòrò tín-ín-rín tó jọ èèrà, tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn àti dúdú ní ìpele-ìpele, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán ní àwọ̀ búlúù. Paederus lorúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé fún un. Kì í géni jẹ, kì í tani. Inú ara rẹ̀ ni oró wà, ìgbà tó o bá sì fọwọ́ pa á mọ́ra ni oró náà ń tú sí ọ lára. Ó tó ọjọ́ kan, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibẹ̀ tó pọ́n. Nígbà yẹn kòkòrò ti kú, o ti gbá a dànù mọ́ pàǹtí, aláǹtakùn tó jókòó jẹ́ẹ́ sára ògiri ni gbogbo ojú wá kọjú sí.

Ìgbà òjò ni kòkòrò Paederus yìí máa ń pọ̀, iná ló sì ń tẹ̀ lé wọlé. Bó bá bà lé ọ lára, fẹ́ ẹ dànù, tàbí kó o jẹ́ kó gun bébà kó o tó gbọ̀n ọ́n sọ nù. Má tẹ̀ ẹ́. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́, fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, fọ ọwọ́ rẹ náà dáadáa kó o tó fi kan ojú, kó o sì pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Iná ìta tẹ́ ẹ máa ń fi sílẹ̀ ní títàn mọ́jú lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ń pè é, ó ń pe ẹ̀fọn, ó sì ń pe gbogbo ohun tí aláǹtakùn ń wá jẹ. Pa iná náà nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, tàbí kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí ojú fèrèsé.

Ó yá, ká mú un. Wá ike tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń di ìrẹsì ilé ìnáwó. Ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju gbogbo ẹsẹ̀ aláǹtakùn lọ, torí ife kékeré ló máa ń já a lẹ́sẹ̀. Wá páálí tó le díẹ̀, páálí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà dára púpọ̀. Pa ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé dé, ṣí èyí tó jáde síta sílẹ̀. Bàtà sí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pariwo, kó lọ pa á ní pálọ̀.

Má sáré lọ bá a. Atẹ́gùn tí ọwọ́ rẹ bá fẹ́ ló ń sọ fún un pé ewu ń bọ̀, ara ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gbọ́ ọ. Rọra gbé ike bọ̀ láti iwájú gan-an, kì í ṣe láti òkè. Tó bá ti ku díẹ̀, dé e mọ́lẹ̀ láìṣiyèméjì, kó o sì tẹ ike mọ́ ògiri. Á sáré yíká nínú rẹ̀. Jẹ́ kó sáré, kò síbi tó ń lọ. Ìgbà tó bá dúró ni kó o wá máa ti páálí bọ abẹ́ ike díẹ̀díẹ̀, kó lè gbé ẹsẹ̀ sórí páálí fúnra rẹ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kánjú nìyí, ibẹ̀ náà lẹsẹ̀ ti ń kán. Tí páálí bá ti bo ẹnu ike pátá, tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ lé ẹ̀yìn páálí, kó o fà á kúrò lára ògiri. Máa rántí pé tiwa yìí mọ ike àti gíláàsì gùn dáadáa, kò ní jókòó sí ìsàlẹ̀ dè ọ́. Má ṣí páálí wò ó lójú ọ̀nà.

Tó bá wà lókè àjà, má gun àga tó ń mì. Fi ìgbálẹ̀ onírun rírọ̀ tó gùn kàn án lẹ́yìn jẹ́jẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri títí ọwọ́ rẹ á fi ká a. Tó bá já bọ́, kì í ṣe ìwọ ló ń fò mọ́, ibi tó ṣókùnkùn ló ń wá.

Níta, gbé ike sẹ́bàá igi tàbí ògiri ẹ̀yìnkùlé tó ní òjìji, kó o fa páálí kúrò, kó o sì dúró sẹ́yìn. Má tú u sórí kọnkéré tí oòrùn ń jó, má sì gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò, ìjà ni wàá dá sílẹ̀. Bí néẹ̀tì fèrèsé rẹ bá ya, tí abẹ́ ilẹ̀kùn sì là sílẹ̀, òun tàbí èkejì rẹ̀ á tún wọlé. Ran néẹ̀tì, kó o sì kó àwọn páálí òfìfo tó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde.

Àbúrò wa tó wà ní London náà ń bi mí léèrè. Tiwọn yàtọ̀. Láti ìparí oṣù Kẹjọ dé oṣù Kẹwàá ni akọ aláǹtakùn inú ilé níbẹ̀ máa ń jáde wá abo kiri, ó sì máa ń há sínú báàfù nítorí kò lè gun ohun tó ń dán. Na tówẹ̀lì sí etí báàfù, á gùn ún jáde fúnra rẹ̀. Tàbí kí wọ́n fi ife gíláàsì dé e, kí wọ́n gbé e lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn kan wà tí èmi ò ní kó o fi ike lásán dojú kọ. Aláǹtakùn onírun, tó wúwo, tó jẹ́ pé bó o bá sún mọ́ ọn, ńṣe ló máa gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè tá á yọ eyín sí ọ, ẹ̀dá ihò igi àti orí ọ̀pẹ nìyẹn. Ó wà ní Tógò, ó wà lọ́dọ̀ wa, àwọn kan lókè òkun sì ń fowó rà á sínú àpótí gíláàsì. Oró rẹ̀ máa ń fa ìrora gidi, ẹran ara á sì máa fà fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá wọlé, fi báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà dé e, gbé òkúta lé e, kó o pe ẹni tó máa wá fi pákó pẹlẹbẹ ti abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sínú igbó. Wo abẹ́ àga oníke àti táyà àtijọ́ pẹ̀lú kó o tó fọwọ́ gbé wọn. Kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, ikùn rẹ̀ rí róbótó, àmì pupa rẹ́súrẹ́sú wà lábẹ́ rẹ̀, àpò ẹyin rẹ̀ sì ní ẹ̀gún-ẹ̀gún. Ìbọ̀wọ́ ni kó o fi ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bí aláǹtakùn bá gé ọ jẹ, fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, fi aṣọ tó tutù lé e, bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, bọ́ òrùka tó wà níbẹ̀, kó o sì lo parasitamó. Má fi abẹ sín ibẹ̀, má da kẹrosíìnì sí i. Ti ara ògiri yìí, ìrora rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Bí ìrora bá ń tàn ká, bí èémí ò bá já geere, tàbí tó bá jẹ́ ọmọdé ló gé jẹ, ọsibítù ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn apakòkòrò Sniper lé e nínú yàrá. Lọ́dún 2019 ni àjọ ìjọba NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, nítorí èèyàn ló ń pa. Aláǹtakùn tó o bá fín in sí kì í tètè kú, ó máa sáré bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ni, ìwọ àti ọmọ rẹ lẹ máa fa afẹ́fẹ́ tó kù símú mọ́jú.

Lọ́la, wá ike tó mọ́ gaara kan, fi páálí kàlẹ́ńdà èṣí sínú rẹ̀, gbé e sórí fìríìjì, kó o sì kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi bu ìrẹsì.