Ta Ni Fóònù Yín Ń Gbọ́ràn Sí Lẹ́nu?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ óò bínú sí mi díẹ̀ lónìí. Bí NEPA bá ti mú iná lọ báyìí, ẹ ti gbé fóònù dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì ní Bẹẹrẹ n'Íbàdàn. Ẹ ó san owó, ẹ ó fi í sílẹ̀, ẹ ó gba Ọjà'ba lọ ra èlùbọ́. Fóònù tí owó báńkì yín wà nínú rẹ̀! Mi ò bú àwọn ọmọ tó ń ṣáájì o, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Okùn tí wọ́n fi ń ṣáájì ni mò ń bá wí.

Okùn tó ń gbé iná wọ fóònù náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ̀yà kan wà nínú fóònù tó ń bójú tó ìpè, àwọn àṣẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní AT ló ń gbọ́. Láti 1981 ni iléeṣẹ́ Hayes ní Amẹ́ríkà ti gbé e jáde, kí ọ̀pọ̀ yín tó dáyé. Àwọn tó ń ṣe fóònù tún fi tiwọn kún un láti fi yẹ iṣẹ́ wọn wò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Florida, Stony Brook àti Samsung tú sọ́fítíwíà Android tó lé ní 2,000 wò, láti iléeṣẹ́ 11: àṣẹ tó lé ní 3,500 ni wọ́n bá níbẹ̀. Lára fóònù mìíràn, okùn nìkan tó láti ṣí ojú rẹ̀ tí ẹ tì pa. Agbo ilé tí wọ́n ti iwájú rẹ̀, tí ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, pàápàá pariwo ṣáájì ìta gbangba ní oṣù kìíní 2022. Ta ló gbọ́?

Ẹ mú ṣájà tiyín dání, kẹ́ ẹ kì í bọ ihò iná ara ògiri. Bí fóònù bá bèèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí okùn gbé wọlé, iná nìkan ni kẹ́ ẹ gbà fún un.

Ẹ ò tíì lọ o, ó ku nọ́ńbà oníràwọ̀. Wọ́n pe ìyàwó àbúrò mi ní Mápó, wọ́n ní báńkì ni àwọn, kó tẹ *21*, kó fi nọ́ńbà kan àti # kún un. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ tó já fóònù gbà! Àṣẹ nìyẹn náà: gbogbo ìpè rẹ̀ ni ì bá máa wọlé sọ́dọ̀ olè, títí kan èyí tí wọ́n fi ń ka kóòdù báńkì. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ rí nínú yín, kó tẹ ##002# kó tó jẹun, kó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.