Ẹ̀rọ Kékeré Tí Ń Gbé Ohùn Àwo Orin Ga: Bí A Ti Í Yan Èyí Tí Ó Yẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò sí nínú ìwé tí a ń kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀kọ́ èdè, ó kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì kan àpò ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ni, èyí tí ó máa ń wà láàárín abẹ́rẹ́ giramafóònù àti anpilifáyà. Phono ni àwọn tí ń tà á ń pè é, orúkọ náà ni èmi náà yóò sì máa lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní àwo orin nílé tí kò mọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n títí di ọdún tí ó kọjá.

Alabar ní ìlú Kumasi ni a ti bí mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tí ó bí bàbá mi ti wá ṣòwò níhìn-ín. Aṣọ ni ó ń tà, lẹ́yìn òwò rẹ̀ kò sì sí ohun tí ó fẹ́ràn tó àwo orin. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ni ó di ẹrù wọn tìkánjú-tìkánjú. Bàbá àgbà kó ìwọ̀nba tí ọkọ̀ lè gbà. Àpótí àwo orin rẹ̀ wúwo, ó sì gbé e sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Aṣanti kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Nígbà tí bàbá mi àti Ìyá àgbà padà wá sí Kumasi lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyá náà gbé àpótí jáde láti abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwo mọ́kàndínlógójì ni ó gbà pamọ́, mọ́kàndínlógójì náà ni ó sì dá padà.

Nínú àwọn àwo wọ̀nyí, àwọn kan nípọn, wọ́n sì lè fọ́ bí àwo ìjẹun bí wọ́n bá já bọ́. Àwọn wọ̀nyí ni àwo àtijọ́ tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyókù jẹ́ irú èyí tí ó dé láti ọdún 1948, tí ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Orin E. T. Mensah ti Accra wà níbẹ̀, ti Haruna Ishola wà níbẹ̀, ti I. K. Dairo náà sì wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo máa ń kó àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò wa jọ láti kọ́ wọn ní èdè. Twi àti Haúsá ni ó yá lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ń sọ Yorùbá, ńṣe ni ohùn gbogbo ọ̀rọ̀ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọkọ́ a di ọkọ̀, tí ọkọ̀ a sì di ọkọ. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ bí Haruna Ishola ti ń pe ọ̀rọ̀, tí ìlù sì ń tẹ̀lé ohùn rẹ̀, etí wọn yóò là. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra ẹ̀rọ tí ń yí àwo wá láti Accra. Mo so ó mọ́ anpilifáyà wa ní ojú ihò tí a máa ń ki wáyà rédíò bọ̀, mo sì pe gbogbo ilé.

Ohùn tí ó jáde kéré, ó sì tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn nínú agolo. Lẹ́tà s ń ta etí. Àgídìgbo, tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ orin àpàlà, kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyá àgbà tẹ́tí títí, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ó ń kọrin yìí? Ó jọ Haruna, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé òtútù mú un.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, nítorí mo mọ iye ọdún tí ó ti ń retí rẹ̀.

Kí ni ó fà á? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ibi tí a ti ń ṣe àwo. Bí ẹ bá fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wo ojú àwo orin, ẹ óò rí poro tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó yí po láti etí dé àárín, bí poro láàárín ebè. Ohùn ni ó ń mú kí poro náà yà sọ́tùn-ún, kí ó sì yà sósì. Ohùn ìsàlẹ̀, irú ti àgídìgbo àti ìlù ńlá, a máa fẹ́ yà jìnnà. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, poro kan yóò wọ inú èkejì, orin tí àwo lè gbà yóò sì dín kù. Nítorí náà àwọn tí ń gé àwo a máa tẹ ohùn ìsàlẹ̀ rì. Ohùn òkè, irú ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò gba àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n ariwo wẹ́wẹ́ tí ojú àwo fúnra rẹ̀ ń pa lè bò ó mọ́lẹ̀. Èyí ni wọn a fi gbé e ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ àwo orin ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní RIAA, fi ọwọ́ sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún iṣẹ́ yìí, àwọn ilẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Bí a bá fi ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe ìwọ̀n, èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 20 a dín kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 a sì di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀rọ phono ni ó ń tú ìdì yìí. Ó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ dìde, ó sì ń tẹ ti òkè padà sí àyè rẹ̀. Èmi tí n kò lò ó, ẹrù tí a kò tíì tú ni mo gbé kalẹ̀ fún Ìyá àgbà.

Iṣẹ́ kejì rẹ̀ ni láti fún iná mànàmáná tí ó ti ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ wá ní agbára. Kátíríìjì ni a ń pe ohun tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní òòfà wẹ́rẹ́ kan tí ń mì pẹ̀lú abẹ́rẹ́, agbára tí ó sì ń mú jáde máa ń wà láàárín mílífóltì 3 sí 5. Rédíò a máa mú 300 jáde tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Phono irú èyí yóò sọ ọ̀kan di ọgọ́rùn-ún. Irú kejì ni èyí tí ó jẹ́ wáyà wíwé ni ń mì dípò òòfà. Ti ilé iṣẹ́ Denon tí a ń pè ní DL-103, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1962 fún ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Japan, kò mú ju mílífóltì 0.3 jáde. Èyí ń fẹ́ phono tí yóò sọ ọ̀kan di ẹgbẹ̀rún. Irú kẹta ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ giramafóònù alápòótí ayé àwọn bàbá wa. Òkúta dídán kan ni ó ń mú iná jáde nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò phono rárá. Ìdí nìyí tí Bàbá àgbà, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ rẹ̀ sí àwo, kò fi ní láti gbọ́ orúkọ náà rí.

Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá kan tí ń tún rédíò ṣe ní Adum. Mo ti di owó oṣù márùn-ún mọ́ ìdí aṣọ. Bọ̀dá náà yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi èékánná ti bọ́tìnnì kékeré kan láti PHONO sí LINE. Phono ti wà nínú ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́ rẹ̀! Lọ́jọ́ náà ni ohùn Haruna padà, n kò sì san kọ́bọ̀ kan. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ná owó, kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún òdìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá fi phono ìta kún èyí tí ń ṣiṣẹ́ nínú, ohùn yóò ya bí ìgbà tí màlúù ń ké nínú àgbá. Mo ti ṣe é rí.

Ṣùgbọ́n phono inú ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin nígbàkígbà tí orin bá rọlẹ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ yíyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá náà yá mi ní mẹ́ta láti dán wò. Èkínní kéré bí páálí ìṣáná ńlá, iṣẹ́ kátíríìjì olóòfà nìkan ni ó lè ṣe. Èkejì ní bọ́tìnnì púpọ̀, ó lè gbé oríṣi kátíríìjì méjèèjì. Ẹ̀kẹta ní gíláàsì tí ń pọ́n yòò bí ẹyin iná. N kò ní purọ́ fún yín, ti gíláàsì ni ọkàn mi fà sí, owó rẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́fà ti èkínní.

Etí ń tan ènìyàn jẹ. Èyí tí ó bá pariwo jù lọ ni a máa rò pé ó dára jù lọ. Nítorí náà mo dọ́gba ìró gbogbo wọn ná, mo sì lo ọgbọ́n olùkọ́, èyíinì ni àpèkọ. Mo pín ogún ọmọ sí ẹgbẹ́ márùn-ún. Mo yan ibi kan nínú orin tí ó ní ogún ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì láti ẹ̀yìn aṣọ títa, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó gbọ́ ju oríṣi ẹ̀rọ kan lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ti há a sórí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù pẹ̀lú phono inú ẹ̀rọ gba 11. Pẹ̀lú páálí kékeré, 13. Pẹ̀lú oníbọ́tìnnì, 13. Pẹ̀lú onígíláàsì, 12. Fún ẹgbẹ́ karùn-ún, mo padà sí phono inú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo fi abẹ́rẹ́ tuntun rọ́pò èyí tí ó ti gbó. Wọ́n gba 16. Mo mọ̀ pé ìdánwò yìí kéré, orí àwọn ọmọ kò sì dọ́gba. Síbẹ̀ ó tó láti tú owó mi sílẹ̀ lọ́wọ́ gíláàsì pípọ́n.

Abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn rẹ̀, páálí kékeré. Kátíríìjì mi ni Audio-Technica AT-VM95E, mílífóltì 4 ni ó ń mú jáde. Kí ni n óò fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ṣe? Oníṣòwò a tún máa fi ohm 47,000 dán lójú yín. Òtítọ́ ni pé ohun tí kátíríìjì olóòfà ń fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo phono ni ó ní in, ẹ má san owó lé e. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi etí wá ni kíkùn. Iná tí ó wà lára ògiri wa ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni èyí. Phono yóò sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, títú ìdì RIAA yóò sì tún fi bí ìlọ́po méje lé e, ó di bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ so wáyà ilẹ̀ láti ẹ̀rọ tí ń yí àwo mọ́ phono, kí a gbé phono jìnnà sí anpilifáyà, kí wáyà rẹ̀ má sì ju mítà kan lọ. Wáyà gígùn a tún máa ba ohùn òkè jẹ́.

Ohun mìíràn tí mo fi yan páálí kékeré ni pé ó ní bọ́tìnnì mono, èyí tí ń pa ohùn apá méjèèjì pọ̀. Nínú àwo àtijọ́, yíyà sọ́tùn-ún sósì nìkan ni orin. Gbogbo fífò sókè sódò abẹ́rẹ́ jẹ́ eruku àti ọgbẹ́. Mono a máa pa ti òkè àti ilẹ̀ rẹ́. Àwọn àwo 78 tún ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó nípọn tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwo ìsinsìnyí, nítorí poro wọn fẹ̀, wọ́n sì ń ṣe abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún irú kátíríìjì mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a gé kí òṣùwọ̀n 1954 tó dé, a kò gbé ohùn òkè wọn ga tó bẹ́ẹ̀. Bí phono bá tẹ̀ ẹ́ rì, yóò ṣókùnkùn, ẹ óò sì fi bọ́tìnnì ohùn òkè tí ó wà lára anpilifáyà gbé e padà. Abẹ́rẹ́ nínípọn náà kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́, nítorí náà n kò tíì fi ọwọ́ kan àwọn 78.

Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ kẹfà tí n óò fi dán abẹ́rẹ́ tuntun àti phono tuntun wò pọ̀. Ìyá àgbà ni mo fi ṣe é. Mo gbé àga rẹ̀ sí iwájú sípíkà, mo sì fi àwo Haruna lé e. Kíkùn oyin kò sí mọ́. Àgídìgbo bẹ̀rẹ̀, ohùn sì tẹ̀lé e. Kò sọ̀rọ̀ títí àwo fi tán. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Yí i padà. Ojú kejì ni bàbá yín fẹ́ràn jù.”